Ní Òjòdú, wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tí wọ́n jà lólè

Láti Yábàá ni mo ti wọ Red Line, ọkọ̀ ojú irin tuntun tí wọ́n ṣí lọ́jọ́ 29 oṣù kejì ọdún 2024, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní oṣù kẹwàá ọdún náà. Ó gba Múṣin, Òṣòdì àti Ìkẹjà kọjá kó tó sọ̀ mí kalẹ̀ ní Agége. Ẹni tó bá jókòó ti fèrèsé yóò rí ẹ̀yìnkùlé àwọn ilé iṣẹ́ ju iwájú wọn lọ: òrùlé páànù tó gùn lọ rẹrẹ, táńkì omi, ògiri tí wọ́n ri àfọ́kù ìgò mọ́ lórí, àwọn ọ̀dọ́kùnrin tó ń to páálí sínú ọkọ̀ akẹ́rù. Ayé ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, ní àwọn ọdún 1950, ni wọ́n ti ya ilẹ̀ Ìkẹjà sọ́tọ̀ fún ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ, nígbà tí ibẹ̀ ṣì wà lábẹ́ Ìbàdàn. Iṣẹ́ tàn láti ibẹ̀ dé Ọ̀gbà, dé Agídíngbí, dé Agége. Àwọn kan ti kógbá wọlé: Dunlop tó ń ṣe táyà dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró ní 2008. Cadbury ṣì wà ní Agídíngbí.

Èmi ò bá ti ilé iṣẹ́ wá. Àdúgbò kan ní Òjòdú ni mo ń lọ, èyí tí àwọn olùwádìí kan fi ṣe ibùjókòó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní oṣù kìíní ọdún 1998, nígbà tí Ọ̀gágun Abacha ṣì wà lórí oyè, ni wọ́n dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀, wọ́n sì pè é ní Centre for Law Enforcement Education. Lónìí CLEEN Foundation ni à ń pè é, olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ti wà ní Àbújá. Ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá, ilé ẹjọ́, ẹ̀wọ̀n àti ìwà ọ̀daràn ni wọ́n ń wádìí. Ó pẹ́ tí mo ti ń ka ìwé wọn. Mo sì gbà tọkàntọkàn pé iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Òjòdú wà lára ohun tó wúlò jù tí ẹnikẹ́ni ṣe fún ará Èkó láti ìgbà tí àwọn ológun ti padà sí bárékè. Ó dùn mí pé àwọn ará Èkó tó mọ̀ bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ fi ẹsẹ̀ ara mi tọ ọ̀nà náà, kí n wo irú àwùjọ tó yí wọn ká nígbà tí wọ́n ń kọ ohun tí wọ́n kọ.

Lábẹ́ afárá Pen Cinema tí wọ́n ṣí ní 2021 ni mo ti wọ dánfó Ọ̀gbà. Màmá kan tó gbé agbọ̀n búrẹ́dì lé itan jókòó tì mí. Ọ̀rọ̀ owó ọkọ̀ ni a kọ́kọ́ ń sọ, kó tó di pé ó sọ fún mi bí wọ́n ṣe já fóònù rẹ̀ gbà ní ìdájí kan, nígbà tó ń lọ gba búrẹ́dì tí yóò tà. Ọ̀kadà ni wọ́n gbé wá. Wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n kàn nawọ́ gán fóònù náà, wọ́n sì fò lọ.

“Ẹ ò lọ sọ ní tẹ́ṣàn, Mà?”

“Ọmọ mi, kí n lọ wá kí ni débẹ̀? Wọ́n á ní kí n ra ìwé, kí n ra bírò. Fóònù ti lọ ná, kí owó ọjà náà tún wá lọ.”

Ẹni tó bá lọ ka ìwé àkọsílẹ̀ ọlọ́pàá, kò ní rí màmá yìí níbẹ̀. Lójú ìwé náà, ìdájí ọjọ́ yẹn lọ wọ́ọ́rọ́. Bí kọmíṣọ́nnà bá sì jáde sọ fún àwọn oníròyìn pé olè jíjà ti dín kù ní Agége, kò purọ́, ohun tí wọ́n gbé wá síwájú rẹ̀ ló kà. Níbi gbogbo láyé ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń yọ àwọn tó fẹ́ mọ òótọ́ nípa ìwà ọ̀daràn lẹ́nu. Àwọn ará Amẹ́ríkà wá ojútùú sí i ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970: wọ́n fi ìwé ọlọ́pàá sílẹ̀, wọ́n lọ ń kan ilẹ̀kùn àwọn èèyàn, wọ́n ń bi wọ́n pé ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni jà yín lólè, ǹjẹ́ wọ́n lù yín, ǹjẹ́ ẹ lọ sọ fún ọlọ́pàá, kí ló dé tí ẹ ò lọ? Àwọn ará Britain bẹ̀rẹ̀ tiwọn ní 1982. Àwọn tó wà ní Òjòdú ló ṣe irú rẹ̀ fún Èkó. Ní 2005 ni ìwé tí wọ́n kọ lórí ọ̀rọ̀ àwọn ará Èkó tí wọ́n ṣẹ̀ àti ìbẹ̀rù ìwà ọ̀daràn jáde, tí Innocent Chukwuma, ẹni tó dá CLEEN sílẹ̀, àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Etannibi Alemika ti Yunifásítì Jos jọ kọ. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti mú ìbéèrè náà káàkiri gbogbo ìpínlẹ̀ Nàìjíríà, títí tí iye àwọn tí wọ́n bi ní ọdún kan ṣoṣo, 2013, fi ju 11,000 lọ.

Ohun tí wọ́n ń gbọ́ kò yàtọ̀ sí ohun tí màmá oníbúrẹ́dì sọ fún mi. Ọ̀pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ kì í lọ sí tẹ́ṣàn. Àwọn kan ní ohun tí wọ́n jí kò tó nǹkan. Àwọn kan ní ọlọ́pàá ò ní ṣe ohunkóhun sí i. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé owó yóò tún jáde lápò wọn. Kò sẹ́ni tí kò ti mọ èyí ní Èkó. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo wa mọ̀ tí kò sí lákọsílẹ̀, ìjọba lè dijú sí i. Nígbà tí ó bá ti di àkọsílẹ̀, tí orúkọ ìpínlẹ̀ wà níbẹ̀, tí ìdáhùn èèyàn ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá wà níbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ jiyàn gbọ́dọ̀ mú tirẹ̀ wá.

Mo sọ̀ ní Ọ̀gbà, mo sì rìn wọ Acme Road. Ilé iṣẹ́ ni òsì, ilé iṣẹ́ ni ọ̀tún, tírélà tó ń dúró de ẹrù, àwọn obìnrin tó ń ta ìrẹsì àti ẹ̀bà lẹ́nu géètì. Ní òpópónà yìí ni ìwé ìròyìn TheNEWS àti ọmọ rẹ̀, P.M. News, fìdí sí. Bayo Onanuga, Dapo Olorunyomi, Babafemi Ojudu, Kunle Ajibade àti àwọn ẹgbẹ́ wọn dá TheNEWS sílẹ̀ ní 1993, àwọn ológun sì lé wọn káàkiri. Wọ́n ju Ajibade sẹ́wọ̀n ní 1995, kò jáde títí di 1998. Kò jìnnà sí ibẹ̀, ní ìhà Adéníyì Jones, ni òpópónà Tàlàbí wà, níbi tí wọ́n ti fi bọ́ǹbù inú lẹ́tà pa akọ̀ròyìn Dele Giwa lọ́jọ́ 19 oṣù kẹwàá ọdún 1986. A ò tíì mọ ẹni tó rán an títí di òní. Síbẹ̀ ikú yẹn fi ohun kan sílẹ̀ fún wa. Lọ́yà Gani Fawehinmi ní òun fẹ́ pe àwọn tí òun fura sí lẹ́jọ́ fúnra òun, wọ́n ní kò kàn án. Ó bá ọ̀rọ̀ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ, ilé ẹjọ́ náà sì dá a láre ní 1987 pé ìwà ọ̀daràn kan gbogbo ọmọ ìlú, pé ọmọ ìlú lásán lè bèèrè pé kí wọ́n pe ọ̀daràn lẹ́jọ́. Mo máa ń rò ó pé láti inú irú afẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ Òjòdú ti jáde: ìgbàgbọ́ pé ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá kì í ṣe ti ọlọ́pàá nìkan.

Ọmọ ìpínlẹ̀ Imo ni Innocent Chukwuma. Kó tó dá CLEEN sílẹ̀, ó ti wà lọ́dọ̀ Civil Liberties Organisation, ẹgbẹ́ tí Olisa Agbakoba àti Clement Nwankwo dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1987. Ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń wọ ẹ̀wọ̀n àti tẹ́ṣàn lọ bi àwọn tó wà nínú rẹ̀ léèrè ọ̀rọ̀, tí ó sì ń jáde wá kọ ọ́ sílẹ̀. Osaze Lanre Ehonwa kọ ìwé rẹ̀ lórí ipò tí ẹ̀wọ̀n Nàìjíríà wà, Behind the Wall, ní 1991. Chukwuma kọ tirẹ̀, Above the Law, ní 1994, lórí bí àwọn ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ń dá àwọn èèyàn lóró, tí wọ́n sì ń pa wọ́n láìsí ìdájọ́. Ẹ rántí irú ọdún tí 1994 jẹ́. Wọ́n ti fagi lé ìdìbò June 12, Abíọ́lá tó wọlé nínú rẹ̀ ti wọ àtìmọ́lé, àwọn tó ń tẹ ìwé ìròyìn ń sá pamọ́. Ẹni tó bá wọ tẹ́ṣàn lọ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ni ẹ pa, ẹ̀mí ara rẹ̀ ló gbé lọ́wọ́. Ní 1996 wọ́n fún un ní ẹ̀bùn Reebok fún jíjà fẹ́tọ̀ọ́ ọmọnìyàn.

Ìgbà tí mo dúró lẹ́nu géètì ilé iṣẹ́ kan ní Acme, tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀sán ń jáde tí àwọn ti alẹ́ ń wọlé, ni ó yé mi dáadáa ìdí tí ọ̀rọ̀ ọlọ́pàá fi gbóná ní ìhà yìí. Ẹni tó ń jáde níṣẹ́ ní ọ̀gànjọ́ ni ọkọ̀ ọlọ́pàá ń pàdé. Nígbà kan rí, wọ́n ń pe rírìn lóru lásán ní ẹ̀ṣẹ̀. Wandering ni orúkọ rẹ̀, gbogbo àgbà Èkó ló mọ̀ ọ́n. Ìjọba fagi lé e ní 1989. Ṣùgbọ́n kíkó èèyàn kò tán. Àwọn tí wọ́n bá kó lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kì í rí adájọ́ títí di Ọjọ́ Ajé, ẹbí yóò sì máa wá owó béèlì kiri bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara ògiri tẹ́ṣàn ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọ̀fẹ́ ni béèlì. Ọ̀dọ́kùnrin kan tó ń ta káàdì fóònù níbẹ̀ sọ fún mi pé káàdì ìdánimọ̀ iṣẹ́ ni àwọn òṣìṣẹ́ alẹ́ máa ń gbé kọ́rùn títí dé ẹnu ọ̀nà ilé wọn.

Kọrópe ni mo wọ̀ láti Ọ̀gbà, a gba títì Ìṣẹrì, mo sì ní kí wọ́n já mi sílẹ̀ ní Táíwò. Nọ́ńbà 21, òpópónà Akínsànyà, ni àdírẹ́ẹ̀sì tí CLEEN tẹ̀ sẹ́yìn ìwé wọn. Àdúgbò ilé gbígbé ni: jẹnẹrétọ̀ tó ń pariwo, aṣọ tí wọ́n sá sórí okùn, ṣọ́ọ̀bù aránṣọ, ọmọ iléèwé tó ń bọ̀ wálé. Kò sí ohun tí yóò sọ fún àjèjì pé ibẹ̀ ni wọ́n ti kọ ìwé tí wọ́n ń kà ní Geneva àti New York. Èyí dùn mọ́ mi. Ọ̀pọ̀ ilé ìwádìí wa ló wà nínú ọgbà yunifásítì tàbí ní Erékùṣù, níbi tí ẹni tí wọ́n kó lálẹ́ kì í dé. Àwọn wọ̀nyí wà láàárín àwọn tí wọ́n ń kọ̀wé nípa wọn.

Ohun kan tún wà nípa àdírẹ́ẹ̀sì yìí tí ó yẹ kí àwọn èèyàn mọ̀. Nọ́ńbà 21 Akínsànyà náà ni Project Alert fìdí sí, ẹgbẹ́ tó ń gbógun ti ìwà ipá sí obìnrin, tí Josephine Effah-Chukwuma, ìyàwó Innocent, dá sílẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 1999, ọdún kan géérégé lẹ́yìn ti ọkọ rẹ̀. Obìnrin yìí kò wá tẹ̀ lé ọkọ lẹ́yìn. Olùwádìí ni òun náà látilẹ̀ wá. Ní 1996 ló kọ ìwé Modernised Slavery lórí bí wọ́n ṣe ń ta àwọn ọmọdé ní Nàìjíríà, fún ẹgbẹ́ Constitutional Rights Project. Ní 2001 Project Alert ṣí Sophia’s Place, ilé ààbò fún àwọn obìnrin tí ọkọ ń lù, nígbà tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n gidigidi ní orílẹ̀-èdè yìí. Nígbà yẹn, obìnrin tí ọkọ lù tó bá lọ sí tẹ́ṣàn, kí ni wọ́n máa ń sọ fún un? Wọ́n á ní ọ̀rọ̀ tọkọtaya ni, kó padà sílé, kó lọ bẹ ọkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni iṣẹ́ ọkọ àti ti ìyàwó ṣe pàdé lẹ́nu ilẹ̀kùn kan náà. Ọ̀kan ń wádìí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn káńtà ọlọ́pàá, èkejì ń gba ẹni tí wọ́n lé kúrò níwájú káńtà náà sílé. Mi ò mọ ilé mìíràn ní Èkó tó gbé irú iṣẹ́ méjì bẹ́ẹ̀ sí abẹ́ òrùlé kan.

Ẹnìkan lè bi mí pé kí ni iṣẹ́ ìwé yìí ṣe tí ìjà ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kò ṣe. Mo ti ro ìbéèrè yẹn dáadáa. Nígbà ayé ológun, ohun tó kù fún ẹni tó nífẹ̀ẹ́ òtítọ́ ni kó pariwo. Ṣùgbọ́n ní 1998 sí 1999, nígbà tí ìjọba alágbádá ń bọ̀, àwọn wọ̀nyí ṣe ìpinnu tó ṣòro. Wọ́n pinnu pé àwọn yóò jókòó pẹ̀lú ọlọ́pàá. Ọlọ́pàá tí wọ́n ti kọ ìwé lórí ìpànìyàn rẹ̀, òun náà ni wọ́n pè sí ìpàdé pẹ̀lú àwọn ará àdúgbò, tí wọ́n ń kọ́ nípa ètò ààbò àdúgbò, tí wọ́n ń bá jíròrò lórí bí yóò ṣe hùwà lọ́jọ́ ìdìbò. Wọn ò dẹ́kun àtikọ ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ní 2000 ni Alemika àti Chukwuma gbé ìwé wọn jáde lórí ìwà ipá láàárín ọlọ́pàá àti ará ìlú, níbi tí wọ́n ti tọpa àìsàn náà dé gbòǹgbò. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, ọdún kan náà ni wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀ṣọ́ jọ. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé ọlọ́pàá ayé òyìnbó lọ́wọ́ ni láti dáàbò bo ìjọba àti òwò òyìnbó, wọ́n sì ń mú àjèjì wá ṣọ́ àwọn ọmọ ìlú, kí àánú má baà ṣe wọ́n. Ìjọba yí padà ní 1960, ṣùgbọ́n irú ọlọ́pàá náà ni a jogún. Ẹni tó bá ti ka èyí kò ní máa rò pé ìwà burúkú ọlọ́pàá kan ṣoṣo lẹ́nu òpópónà ni ìṣòro wa.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2002, àwọn àti Human Rights Watch jọ gbé ìròyìn jáde lórí Bakassi Boys, àwọn ọ̀dọ́ tó ń pa ẹni tí wọ́n bá ní olè ni ní ilẹ̀ Ìgbò, tí àwọn gómìnà kan sì ń tì lẹ́yìn. Ó gba ìgboyà fún ọmọ Imo láti kọ irú rẹ̀ nígbà tí ọ̀pọ̀ èèyàn ilé rẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ fún wọn. Àwa Yorùbá náà ní ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ OPC tiwa nígbà yẹn, ìlù náà kò sì yàtọ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ wọn, èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ìbẹ̀wò sí tẹ́ṣàn. Ní 2004, CLEEN bá àwọn ilé ìwádìí mìíràn dá Altus sílẹ̀: Vera Institute ti New York, tó ti wà láti 1961 tí wọ́n ti ń wádìí ọ̀rọ̀ béèlì àwọn tálákà, àti àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Rio de Janeiro, Santiago, Moscow àti India. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ rọrùn. Ní ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún, ẹ kó àwọn ará ìlú lásán jọ, aránṣọ, tíṣà, oníṣòwò, ẹ mú wọn wọ tẹ́ṣàn àdúgbò wọn pẹ̀lú ìwé ìbéèrè kan náà káàkiri ayé. Ṣé wọ́n kí yín dáadáa? Ṣé ibi tí èèyàn lè jókòó wà? Ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe sí olówó ni wọ́n ń ṣe sí tálákà? Ṣé ọlọ́pàá wọ orúkọ rẹ̀ sáyà? Báwo ni àtìmọ́lé ṣe rí? Kí wọ́n fún tẹ́ṣàn náà ní máàkì, kí ọ̀gá ibẹ̀ sì gbọ́ ọ. Ní 2006, tẹ́ṣàn 471 ní orílẹ̀-èdè 23 ni àwọn èèyàn bẹ̀ wò lábẹ́ ètò yìí. Ọdún náà ni MacArthur Foundation ní Amẹ́ríkà fi CLEEN sí ara àwọn tó kọ́kọ́ gba ẹ̀bùn rẹ̀ fún àwọn ẹgbẹ́ tí iṣẹ́ wọn peregedé. Ẹ wo àyípadà tó wà nínú rẹ̀: ọmọ ìlú tó ti ń sá fún tẹ́ṣàn láti kékeré wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹni tó wá yẹ iṣẹ́ wò.

Mo jáde láti Akínsànyà, mo sì wọ ọkọ̀ lọ sí Berger, láti ibẹ̀ dé Aláùsá. A kọjá ní ìhà ilé iṣẹ́ 7-Up, kò jìnnà sí ibi tí wọ́n ti yìnbọn pa Kudirat, ìyàwó Abíọ́lá, lọ́jọ́ 4 oṣù kẹfà ọdún 1996. Ilé ẹjọ́ ní Èkó dá Hamza al-Mustapha, olórí ẹ̀ṣọ́ Abacha, lẹ́bi ní 2012, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn dá a sílẹ̀ ní 2013. Orúkọ obìnrin náà wà lára títì Oregun báyìí.

Ní Aláùsá ni ilé iṣẹ́ ètò ìdájọ́ ìpínlẹ̀ Èkó wà. Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò ni kọmíṣọ́nnà ibẹ̀ láti 1999 dé 2007, ìgbà rẹ̀ ni wọ́n dá ọ́fíìsì àwọn lọ́yà ọ̀fẹ́ sílẹ̀ fún tálákà. Ní 2007 Èkó ṣe òfin tuntun lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ẹjọ́ ọ̀daràn, ìpínlẹ̀ yìí ló sì kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀. Òfin náà ní kí ọlọ́pàá má ṣe mú ìyá nítorí ọmọ, tàbí ẹ̀gbọ́n nítorí àbúrò. Ó ní bí afurasí bá fẹ́ jẹ́wọ́, kí wọ́n ya á sí fídíò tàbí kí lọ́yà rẹ̀ wà níbẹ̀. Ìjọba àpapọ̀ tẹ̀ lé e ní 2015. Bí mo ti ń wo géètì sẹkitéríàtì, mo rántí pé iwájú ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ sùn sí ní oṣù kẹwàá ọdún 2020, nígbà ìwọ́de EndSARS. SARS, ẹ̀ka ọlọ́pàá tó ń gbógun ti adigunjalè, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Èkó ní 1992, di ohun àná lọ́jọ́ 11 oṣù náà. Púpọ̀ nínú ohun tí àwọn ọmọ yẹn ń ké ní géètì wà nínú ìwé Above the Law tí wọ́n tẹ̀ nígbà tí a kò tíì bí ọ̀pọ̀ nínú wọn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Ìbànújẹ́ ni ó jẹ́ fún mi pé ẹ̀rí wà nílẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn, tí àwọn alágbára sì ń kọjá lára rẹ̀.

Ibi tí mo parí ìrìn sí ni Ìkẹjà GRA, láàárín òpópónà Odùduwà tí olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Èkó wà àti ilé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá. Ní oṣù kìíní ọdún 2013 ni ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Channels gbé kámẹ́rà wọ ilé ẹ̀kọ́ náà, tí gbogbo Nàìjíríà sì rí ibi tí àwọn ọlọ́pàá tó ń bọ̀ lọ́la ń sùn: èèyàn rẹpẹtẹ nínú yàrá kan, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó ti bàjẹ́, ilé tó fẹ́ wó. Ààrẹ Jonathan fúnra rẹ̀ sáré wá wò ó. Mo dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo ń wo àwọn ọmọ tó ń jáde nínú aṣọ dúdú. Ọmọ ẹni kan ni wọ́n. Ìdí tí àwọn ará Òjòdú fi ń béèrè nípa ipò tẹ́ṣàn fúnra rẹ̀, nípa omi, ìwé, àga, ọkọ̀, wá yé mi níbẹ̀. Ọlọ́pàá tí ìjọba kò fún ní ìwé ni ó ní kí màmá oníbúrẹ́dì lọ ra ìwé. Ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kí ó dẹ́kun gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń pín owó.

Chukwuma fi CLEEN sílẹ̀ ní òpin 2012, ó lọ ṣe aṣojú Ford Foundation ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Kẹ́mi Okenyodo, tó ti bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́, gba ipò rẹ̀. Iṣẹ́ náà kò dá dúró lẹ́yìn rẹ̀, èyí sì jẹ́ ẹ̀rí pé ó kọ́ ilé, kò kọ́ orúkọ. Jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ pa Innocent Chukwuma lọ́jọ́ 3 oṣù kẹrin ọdún 2021, ní ẹni ọdún 55, oṣù díẹ̀ lẹ́yìn tí ariwo EndSARS rọlẹ̀. Mo fẹ́ kí a fi orúkọ rẹ̀ sọ òpópónà kan ní Ìkẹjà yìí, kí a má wo ẹ̀yà rẹ̀. Ọmọ Èkó ni ẹni tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún Èkó.

Àwọn tí n kò lè dárúkọ ni àwọn tó ń gbé ìwé ìbéèrè kiri nínú oòrùn, tí ajá ń lé, tí àwọn onílé ń fura sí bí ẹni pé gbájúẹ̀ ni wọ́n. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fún wọn ní ìjókòó, ẹ dá wọn lóhùn, ẹ sọ ti fóònù tí wọ́n já gbà àti owó béèlì tí ẹ san. Ohun kejì tí mo ń bẹ̀ yín fún rèé. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 2015 àti òfin ọlọ́pàá ti 2020 ti là á kalẹ̀ pé ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù, kí májísíréètì máa bẹ tẹ́ṣàn àti àtìmọ́lé agbègbè rẹ̀ wò, kó yẹ orúkọ àwọn tí wọ́n tì mọ́lé wò, kó sì dá ẹni tó yẹ sílẹ̀ ní béèlì. Ẹ lọ béèrè ní kọ́ọ̀tù tó sún mọ́ yín, yálà Ọ̀gbà, Agége tàbí Ìkẹjà: ọjọ́ wo ni májísíréètì dé tẹ́ṣàn wa kẹ́yìn, èèyàn mélòó ni ó bá níbẹ̀?